Ọmọ ọdún 2 àti oṣù 4: ṣé abẹ́rẹ́ flu ni àbí èyí tí wọ́n ń fín sí imú?

Ìyá Àkànbí (Àgírìkì, Ìkòròdú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Àkànbí ni mo fẹ́ gba àjẹsára flu fún. Ó ti pé ọdún 2 àti oṣù 4, kìlógíráàmù 12 ló wọ̀n. Gbogbo èyí tó wà lórí káàdì ìjọba ló ti gbà títí dé ti oṣù 15, ṣùgbọ́n kò gba ti flu rí. Ó ń lọ sí kírẹ́ẹ̀ṣì. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì bó bá ń mí, dókítà sì fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà símú. Láti ìgbà náà, kò tún ṣe é mọ́. Ẹyin náà kì í bá a lára mu, ara rẹ̀ a máa sú bó bá jẹ ẹ́.

Fámásì kan nítòsí Sábó ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n kọ 2025/2026 sára páálí rẹ̀. 0.5 mL ni, oríṣi fáírọ́ọ̀sì 3 ló wà fún, ìparí oṣù Kẹfà ni yóò sì lò dà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹjà ní èyí tó wà fún oríṣi 4, ó wọ́n ju ti Sábó lọ dáadáa. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní London ní tirẹ̀ ní èyí tí wọ́n ń fín sí imú ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ kéékèèké lọ́hùn-ún, pé òun lè wá a, kí òun fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi wá ní kí n má da ara mi láàmú rárá, pé "influenza", tó jẹ́ orúkọ flu ní kíkún, wà lórí káàdì ọmọ náà, wọ́n ti gún un nígbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ 6.

Èwo ni kí n mú nínú wọn? Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gbà á? Ṣé ìlàjì ni wọn yóò fún un nítorí pé ó kéré?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbo

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Àkànbí. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ mú. Ti imú kò bá ọmọ yín mu lásìkò yìí, èyí tó wà ní Sábó sì tó o, bí fíríìjì wọn bá ṣeé fọkàn tán.

Ẹ bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lórí káàdì yẹn kì í ṣe flu. Hib ni, Haemophilus influenzae type b. Ó wà nínú Penta tí à ń gún sí itan ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, pẹ̀lú ti àrùn 4 mìíràn. Bakitéríà ni Hib, òun ló máa ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn fún àwọn ọmọ ọwọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni flu ní tirẹ̀. Ní 1892, dókítà ará Jámánì kan, Richard Pfeiffer, rí bakitéríà náà lára àwọn tí flu ń bá jà, ó rò pé òun ló fà á, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Penta kò dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ flu rárá. Àjẹsára flu kò sí lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ má lọ tò sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ àjẹsára torí ẹ. Fámásì ńlá àti ilé ìwòsàn aládàáni ni ẹ ó ti rí i, owó ni ẹ ó sì fi rà á.

Ó yá, ti imú. Fáírọ́ọ̀sì tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, ló wà nínú èyí tí wọ́n ń fín sí imú. 0.2 mL ni gbogbo rẹ̀, 0.1 mL fún ihò imú kọ̀ọ̀kan. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lára ọ̀pá sírínjì náà tó ń dá a dúró ní ìdajì. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fín ti ihò kìíní, á yọ ọ́ kúrò kó tó fín ti ìkejì. Kò sí pé kí ọmọ fà á símú, kó sáà máa mí bó ṣe ń mí. Bó bá sì sín lẹ́yìn tí wọ́n fín in tán, wọn kò ní fún un ní òmíràn, èyí tó wọlé ti tó. Kò dùn ún, kò sí abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí ó lè mú kí àyà rẹ̀ máa dún. Ìlànà Amẹ́ríkà tún ní ọmọ ọdún 2 sí 4 tó bá ní asímà, tàbí tí àyà rẹ̀ bá dún fíì-fíì láàárín oṣù 12 tó kọjá, kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ti Àkànbí ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Oṣù 12 kò tíì pé.

Àbúrò ọkọ yín lè sọ pé wọn kò bi àwọn òbí ní irú ìbéèrè yẹn ní London. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni bóyá àyà ọmọ náà dún láàárín wákàtí 72 tó ṣáájú. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ìdí tiwọn. Àmọ́ dókítà tó mọ àyà ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nítòsí wọn lọ́hùn-ún, ọ̀nà sì dán fún wọn láti dé ilé ìwòsàn lóru. Lórí ọmọ tó ń gbé Àgírìkì, ti Amẹ́ríkà ni mo fara mọ́.

Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa ni, kò lè di flu sí ọmọ lára. Láti oṣù 6 ni ọmọ ti lè gbà á. Ti ẹyin kò tó nǹkan: lóòótọ́ inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àsìkò 2023/2024 ni Amẹ́ríkà ti ní ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu lè gba èyíkéyìí tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, láìsí àfikún ìṣọ́ra. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó fẹ́ gún un. Ọmọ tí kò gbọ́dọ̀ gbà á ni èyí tí àjẹsára flu fúnra rẹ̀ ti mú kí ọ̀fun rẹ̀ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 8 tí kò tíì gba ti flu rí yóò gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 láàárín. Èkíní ń fi fáírọ́ọ̀sì náà han ara, èkejì ló ń mú ààbò náà múlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá kọjá tí ẹ kò rí àyè, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ kàn lọ gba èkejì. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Ìlàjì: ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù 6 sí 35 yàtọ̀ láti abẹ́rẹ́ ilé iṣẹ́ kan dé ti òmíràn. Vaxigrip Tetra àti Influvac Tetra, 0.5 mL ni láti oṣù 6, bíi ti àgbàlagbà. Afluria, 0.25 mL ni títí ọmọ yóò fi pé ọdún 3. Ìwé tó wà nínú páálí ni kí wọ́n kà lójú yín. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ pín sírínjì 0.5 mL kan fún ọmọ méjì nítorí pé "ọmọdé ni wọ́n", ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ọmọ méjèèjì lè má rí ìwọ̀n tó tó, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan sì lè dé ara èkejì.

Itan ni kí wọ́n gún ọmọ ọdún 2 sí, ní ìta apá iwájú, àárín méjì orúnkún àti ìbàdí. Apá òkè dára fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 3. Abẹ́rẹ́ gígùn mílímítà 25 ni. Èyí tó kúrú jù kì í dé inú ẹran, abẹ́ awọ ló máa ń dúró sí, ibẹ̀ á sì wú. Ẹ gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ẹ fi itan yín há ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó máa lọ. Ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀ bóyá adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń gba ọmọ là bí ara rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́, wà nítòsí. Ibi tí kò bá ní in kò yẹ kó máa gún ọmọ lábẹ́rẹ́.

Apòògùn Ebúté

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ èyí tó jù. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ fíríìjì, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò ní Ìkòròdú yìí.

Láàárín 2°C sí 8°C ni abẹ́rẹ́ flu gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé itan ọmọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ooru ń bà á jẹ́. Èyí tí kì í sọ sí wa lọ́kàn ni pé dídì burú jù ú lọ. Abẹ́rẹ́ tó bá ti dì di yìnyín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bàjẹ́ pátápátá, bó bá sì yọ́ tán, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó rí i. Penta tàbí PCV (àjẹsára òtútù àyà) tí wọ́n bá fura pé ó dì, nọ́ọ̀sì lè gbọ̀n ọ́n, kó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó dì, kó wo bóyá ó yára sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò bíi ti ìyẹn, nítorí alúmíníọ̀mù wà nínú wọn. Ti flu tí à ń fún ọmọdé kò ní alúmíníọ̀mù. Gbígbọ̀n kò lè fi ohunkóhun hàn yín. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní àmì roboto tí igun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, èyí tó ń ṣú bí ooru bá ti mú un, bí ẹ ti máa ń rí i lára àwọn ti ìjọba. Nítorí náà, fíríìjì àti ẹni tó ni ín ni ẹ máa yẹ̀ wò.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín. Ó yẹ kí tẹmómítà wà ní àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ooru sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí gbogbo ìlà ìwé náà bá jẹ́ 4, 4, 4 láti oṣù kan sẹ́yìn, orí àga ni wọ́n jókòó sí kọ ọ́. Àwọn páálí kò gbọ́dọ̀ fara kan ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín ti ń mú, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ilẹ̀kùn níbi tí ooru ti ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Bí ẹ bá rí Kóòkì àti ọbẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá mú iná lọ láti alẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹni tó ní sólà tàbí fíríìjì àjẹsára gidi, tí yìnyín yí inú rẹ̀ ká, á dá yín lóhùn kíákíá. Ẹni tó bá ní "a kì í ṣí i", ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni tẹmómítà rẹ̀ fi wà lábẹ́ 8 nígbà tí iná lọ kẹ́yìn.

Ẹ má sì rà á níbì kan kí ẹ gbé e lọ gún níbòmíràn. Láti Ìkẹjà dé Ìkòròdú, bí gọ́sìlóò bá mú yín ní Mile 12, ooru ti mú un. Àwọn kan á tún gbé e sínú ọ̀rá pẹ̀lú piọ́wọ́tà tó ti dì gbagidi, wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ yìnyín yẹn gan-an ló ti ń dì. Ọmọ ni kí ẹ gbé lọ síbi tí abẹ́rẹ́ wà.

Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ẹ sọ fún ará London pé kó fi owó náà ra bàtà fún ọmọ. Ti imú náà, 2°C sí 8°C ni. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí báàgì wà láti ilé dé pápákọ̀ òfuurufú, inú ọkọ̀ òfuurufú, títí dé Ìkòròdú. Èyí tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn lọ́hùn-ún, ń fún àwọn ọmọ náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dì fún òbí gbé lọ. Kò sì ní sí nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò gbà láti fín in sí ọmọ yín nímú.

Oríṣi 3 tàbí 4: ẹ má náwó tì í. Ìkẹrin yẹn ni flu B ti ìdílé Yamagata. Láti oṣù Kẹta 2020 ni ẹnikẹ́ni kò ti rí i mọ́ lára èèyàn káàkiri ayé, ó jọ pé gbogbo bí a ṣe ti ara wa mọ́lé nígbà kòrónà ló pa á run. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, WHO ní kò nílò kó wà nínú àjẹsára mọ́. Láti àsìkò 2024/2025, oríṣi 3 nìkan ni Amẹ́ríkà ń lò. Ti 4 kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan, ṣùgbọ́n kò fi ohun kan kún un. Ohun tó yẹ kí ẹ wò lára ti Ìkẹjà ni àsìkò tí wọ́n kọ sí i. Bó bá jẹ́ ti ọdún méjì sẹ́yìn, kò wúlò, wọn ìbáà tà á ní ìdajì owó.

Lára páálí 2025/2026 tí wọ́n fi ẹyin ṣe, ẹ ó rí orúkọ mẹ́ta yìí: A/Victoria/4897/2022 (H1N1), A/Croatia/10136RV/2023 (H3N2) àti B/Austria/1359417/2021. Ìyá púpọ̀ ló máa ń rí 2021 yẹn tí á pariwo pé ó ti lò dà. Rárá o. Ibi tí wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n rí i nìyẹn. Ọjọ́ tí yóò lò dà wà lọ́tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà batch. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Bàbá Ìbejì (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí kò fi ní dúró di oṣù Kẹwàá? Oṣù Kẹrin la wà. Èyí tó máa lò dà ní oṣù Kẹfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lágbára, tuntun sì ń bọ̀. Owó ẹ̀ẹ̀mejì nísinsìnyí, owó òmíràn ní oṣù Kẹwàá, ó ti pọ̀ jù fún abẹ́rẹ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbo

Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ ti owó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àjẹsára kì í "fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lágbára"; bó bá wà nínú fíríìjì dáadáa, bó ṣe wà títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni. Ọjọ́ oṣù Kẹfà yẹn ni wọ́n máa ń fún ti apá àríwá ayé nítorí pé òmíràn ni wọn yóò lò lẹ́yìn rẹ̀.

Flu tiwa kì í dúró de ọyẹ́ tàbí ìgbà òtútù bíi ti Yúróòpù. Ó lè jà nígbàkígbà láàárín ọdún, ọmọ tó wà ní kírẹ́ẹ̀ṣì á sì ko ó bó bá ti wọ yàrá wọn. WHO ka ọmọ oṣù 6 sí 59 mọ́ àwọn tí flu lè ṣe léṣe jù.

Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. Bí Àkànbí bá gba èkíní lọ́sẹ̀ yìí, tó gba èkejì ní oṣù Karùn-ún, méjì ti pé kí oṣù Keje tó wọlé, ibi tí ìlànà Amẹ́ríkà fi ààlà sí. Ní oṣù Kẹwàá, ẹyọ kan ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọọdún. Bó bá dúró di oṣù Kẹwàá, méjì náà ni yóò gbà nígbà náà. Owó ẹyọ kan ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì ti fi ra oṣù márùn-ún sí i.

Alhaja Pópó Ọba (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ti imú. Ṣé irọ́ ni?

Apòògùn Ebúté

Kì í ṣe irọ́, Alhaja. Jẹ́látìn tí wọ́n rí lára ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú Fluenz àti FluMist, orúkọ tí wọ́n fi ń ta ti imú, òun ló ń mú kí fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè náà má tètè kú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, òbí tí kò bá fẹ́ ẹ lè béèrè abẹ́rẹ́ dípò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ Vaxigrip àti Influvac kò ní jẹ́látìn.

Ìyá Ṣèyí (Àgbádárìgì)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ tèmi ti pé ọdún 5, SS ni. Ṣé abẹ́rẹ́ náà ni fún òun? Wọ́n tún ń ta èyí tí wọ́n kọ Faransé sí lára níbí, wọ́n ní Kútọnu ló ti wọlé, owó rẹ̀ sì rọjú.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbo

Abẹ́rẹ́ ni o, Ìyá Ṣèyí, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Flu máa ń mú òtútù àyà wá bá ọmọ SS, ó sì ń ta wọ́n sínú ìrora egungun. Ọlọ inú wọn (spleen) kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, nítorí náà ìlànà Amẹ́ríkà kò gba kí wọ́n lo ti imú. Ọmọ tó bá ń mu aspirin lójoojúmọ́ náà, ti imú kì í ṣe tirẹ̀, torí aspirin àti fáírọ́ọ̀sì flu pa pọ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ rí i pẹ̀lú pé PCV rẹ̀ pé, kí ẹ sì bi dókítà SS rẹ̀ léèrè àwọn tó kù. Wọ́n lè gún òmíràn pẹ̀lú ti flu lọ́jọ́ kan náà, ní apá tàbí itan kejì, tàbí kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 jìnnà síra.

Ti Kútọnu, bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èdè Faransé kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí ọ̀kadà tàbí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ṣe gbé e kọjá Sẹ̀mẹ̀.

Ìyá Àkànbí (Àgírìkì, Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò ràn yín lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ni mo mú. Ìbéèrè mi tó kù: bí ara rẹ̀ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Ọmọ oṣù 4 tún wà nílé, ti àbúrò mi, ṣé òun náà lè gbà á? Àti pé fámásì Sábó yẹn ní ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ àwọn.

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbo

Ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ibi tí wọ́n gún sì lè pọ́n kó sì dùn ún. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ibẹ̀, ẹ má fi róòbù ra á. Aṣọ tí ẹ fi omi tútù rin ti tó.

Paracetamol: mílígíráàmù 15 fún kìlógíráàmù kan. Kìlógíráàmù 12 jẹ́ mílígíráàmù 180. Bí ìgò bá jẹ́ 120 mg nínú 5 mL, 7.5 mL ni ẹ ó fún un, lẹ́yìn wákàtí 6 ni òmíràn, kó má sì kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa o. Èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu sábà máa ń jẹ́ 100 mg nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wọn 7.5 mL lára ìyẹn ti fún ọmọ ní mílígíráàmù 750, ẹ̀dọ̀ ni ìyẹn lè bà jẹ́. Kò sí ìdí láti fún un kí wọ́n tó gún un. Aspirin kò sí fún ọmọdé.

Bí ara bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ má di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹ ṣí ẹ̀wù rẹ̀, ẹ wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá sùn. Ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá mí tó ẹ̀ẹ̀ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bó bá ń mí, Jẹ́nẹ́rà tààrà, lóru ọjọ́ náà. Gìrì náà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ oṣù 4 kò lè gbà á, oṣù 6 ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ń gbé e gbà á dípò rẹ̀. Bí aboyún bá wà nílé, kó gba abẹ́rẹ́, ọmọ inú náà á gbé ààbò yẹn wá sáyé.

Ẹ má sì retí pé ọ̀fìnkìn á dáwọ́ dúró o. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn pọ̀ lọ jàra, flu nìkan ni èyí wà fún. Lọ́dún tí wọ́n bá mú fáírọ́ọ̀sì tó bá a mu, àjẹsára máa ń dín iye àwọn tí flu ń gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní nǹkan bí 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èkejì kó tó múlẹ̀ dáadáa.

Apòògùn Ebúté

Ti ẹyọ kan tó kù: kí ẹ tó gún un, ẹ san owó èkejì sílẹ̀ tàbí kí ẹ gba ọ̀rọ̀ tó dájú lọ́wọ́ ilé oògùn mìíràn pé ó máa wà láàárín oṣù Karùn-ún. Bó bá gba ẹyọ kan péré kí oṣù Keje tó dé, ìlànà Amẹ́ríkà kò ní ka ìyẹn sí i tó; méjì ni yóò tún gbà ní àsìkò tuntun, ọ̀sẹ̀ 4 láàárín. Ẹyọ kan náà kò burú ju àìgbà rárá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ti Ìkẹjà ni ẹ rí fún èkejì, ti oríṣi 4, ẹ gbà á, kò ta ko ti àkọ́kọ́, bó bá ṣáà jẹ́ ti àsìkò yìí.

Ní ẹ̀yìn káàdì rẹ̀, níbi tí kò sí ìlà fún flu, kí wọ́n kọ orúkọ àjẹsára náà, nọ́ńbà batch, ìwọ̀n rẹ̀ ní mL, itan ọ̀tún tàbí òsì, àti ọjọ́ tó gbà á. Kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í kọ sórí káàdì ìjọba, ẹ gé ibi tí nọ́ńbà wà lára páálí, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra yín.